Ìwọ̀n Ṣáájú Agbára: Lórí Títún Yamaha RD350LC Tò Nílé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tí owó àti àkókò ṣẹ́kù sí lọ́wọ́: bí ènìyàn ṣe lè tú alùpùpù asáré àtijọ́ palẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, kí ó tún un tò, kí ó sì mú un débi tí yóò ti fọhùn bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí tán nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹni tí ó bá ti po ọ́ìlì mọ́ epo rí fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I pass my neighbour" ti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì tùú-sítírókì. Ẹni tí Suzuki AX100 bá ti gbé kọjá ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo ti jókòó lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n àwọn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, Yamaha RD350LC. Ohun tí mo sì fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ: agbára tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi fáìlì àti sàlẹ́ńsà olówó ńlá wá kiri ti wà nínú irin náà tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n tí ó ti bàjẹ́ ni kò jẹ́ kí ó jáde. Ẹni tí ó bá dá àwọn ìwọ̀n náà padà ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní títo ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò bá dá wọn padà, tí ó lọ ń wá agbára kún agbára, ń ra písítìnì tuntun sílẹ̀ ni.

RD350LC jáde ní ọdún 1980. Sílíńdà méjì ni ó ní, àpapọ̀ wọn jẹ́ 347 cc. Ìbú inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 64, ìrìn písítìnì lókè-sódò jẹ́ mìlímítà 54. Omi ni ó ń tù ú, kabúrétọ̀ Mikuni méjì tí ọ̀nà inú wọn jẹ́ mìlímítà 26 ni ó ń fún un ní epo, agbára tí ilé-iṣẹ́ sì kọ sílẹ̀ fún un ni agbára ẹṣin 47 nígbà tí kíráńkì bá ń yí ní ìgbà 8,500 láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi í wé RD350 ti ọdún 1973 tí afẹ́fẹ́ ń tù. 39 ni tirẹ̀, ní yíyí 7,500. Ìbú sílíńdà àwọn méjèèjì dọ́gba, ìrìn písítìnì wọn dọ́gba. Wọn kò fi ìṣùpọ̀ irin kankan kún un kí ẹni kejì tó fi agbára ẹṣin mẹ́jọ ju ẹni àkọ́kọ́ lọ. Omi ni kò jẹ́ kí ìgbóná rẹ̀ máa ṣe ségesège, àwọn ojú-ihò inú sílíńdà àti sàlẹ́ńsà ni wọ́n sì tún wọ̀n. Bí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà bá rí mẹ́jọ fà yọ láti inú ìwọ̀n lásán, ó yẹ ká bi ara wa léèrè iye tí ó ń sọnù nínú èyí tí ó ti lo ogójì ọdún, tí síìlì rẹ̀ ti gan, tí ríìngì rẹ̀ ti jẹ, tí ọwọ́ mẹ́wàá ti tú, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ìdílé alùpùpù yìí kò kéré. Yamaha àkọ́kọ́ pátápátá, YA-1 ti ọdún 1955, àwòkọ DKW RT125 ti àwọn ará Jámánì ni; láti ara DKW kan náà ni àwọn ará Britain ti ṣe BSA Bantam. Ní India, ilé-iṣẹ́ Escorts ṣe RD350 tí afẹ́fẹ́ ń tù fún àwọn ará ìlú wọn, wọ́n pè é ní Rajdoot 350. Ní Brazil, ní Manaus, wọ́n ṣe ọmọ ìyá LC tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ará ibẹ̀ sì fún un lórúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Opó Dúdú. Orúkọ náà sọ ohun tí ojú wọn rí lójú títì. Ibi tí ó lọ yìí ni ó jẹ́ kí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà ní títà títí di òní, tí ẹni tí ó wà ní London tàbí ní São Paulo fi lè rí písítìnì àti síìlì rà láìjẹ́ pé ó bẹ ẹnikẹ́ni.

Ká tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ ká yà sí ilé alágbẹ̀dẹ. Bí awọ ẹwìrì bá lu, alágbẹ̀dẹ lè fẹ́ ẹ títí apá yóò fi ro ó, iná kò ní pọ́n. Ó lè máa da èédú sí i, èédú kọ́ ló ń ṣe é. Nínú ẹ́ńjìnnì fóò-sítírókì, irú èyí tí ó wà nínú mọ́tò wa, abẹ́ písítìnì kò ní iṣẹ́ púpọ̀ ju ibùgbé ọ́ìlì lọ. Nínú irú tùú-sítírókì tí Joseph Day ṣe ní ìlú Bath ní England ní ọdún 1891, abẹ́ písítìnì gan-an ni ẹwìrì. Bí písítìnì bá ń gòkè, ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọ inú àpótí kíráńkì. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń há wọn mọ́, ó sì ń tì wọ́n gba àwọn ojú-ihò ẹ̀gbẹ́ sílíńdà bọ́ sí orí ara rẹ̀, níbi tí iná yóò ti ràn wọ́n. Kò sí fáàfù lókè orí tí ń ṣí tí ń tì. Písítìnì fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀kùn, àpótí kíráńkì ni ẹwìrì, àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Yamaha fi sí ẹnu ọ̀nà kabúrétọ̀ sì ni kò jẹ́ kí èémí náà padà sẹ́yìn. Ohun gbogbo tí à ń pè ní agbára nínú ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹwìrì náà.

Ní RD350LC, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní ẹwìrì tirẹ̀. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà láàrin kíráńkì. Síìlì rọ́bà kan wà ní ìpẹ̀kun apá òsì, lẹ́yìn ẹ̀rọ tí ń ṣe iná mànàmáná, òmíràn wà ní ìpẹ̀kun apá ọ̀tún, ní ìhà kílọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà tí ó ti pé ogójì ọdún ti le bí èèpo àgbọn. Bí ti apá òsì bá lu, ẹ́ńjìnnì yóò máa fa afẹ́fẹ́ tí kò gba inú kabúrétọ̀ kọjá, epo yóò sì kéré sí afẹ́fẹ́. Orí písítìnì yóò gbóná ju bó ti yẹ lọ, yóò wú, yóò sì gan mọ́ ara sílíńdà. Bí ti apá ọ̀tún bá lu, ẹ́ńjìnnì yóò máa fa ọ́ìlì inú gíàbọ́ọ̀sì mu, èéfín funfun yóò máa rú, olówó rẹ̀ yóò sì máa ṣe kàyéfì pé ta ní ń jí ọ́ìlì òun. Ẹ wo bí àwọn àmì náà ṣe ń tan ni jẹ. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sáré fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná, tí kò fẹ́ rọlẹ̀, yóò rò pé jẹ́ẹ̀tì kabúrétọ̀, ihò kékeré tí epo ń gbà wọlé, ló kéré. Yóò ra jẹ́ẹ̀tì tí ó tóbi sí i. Ara ẹ̀rọ yóò balẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé epo púpọ̀ ti bo àìsàn náà mọ́lẹ̀. Ihò ara síìlì kò ní yéé fẹ̀.

Ìdánwò tí ó ń tú àṣírí yìí rọrùn débi pé ó ń yani lẹ́nu bí àwọn tí ń ṣe é ṣe kéré. A ó fi rọ́bà àti irin pẹlẹbẹ dí ojú ọ̀nà kabúrétọ̀ àti ojú ọ̀nà èéfín, a ó fi túùbù kékeré kan wọ inú rẹ̀, a ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ̀rọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tó iṣẹ́ náà ṣe: ó ní bọ́ọ̀lù tí a ń tẹ̀, ó ní aago, òǹkà rẹ̀ sì dé 300. Òǹkà 300 yẹn súnmọ́ agbára tí ẹwìrì ẹ́ńjìnnì náà ń lò lójú iṣẹ́. Kí a tẹ̀ ẹ́ dé ibẹ̀, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí ọwọ́ aago bá dúró, tàbí tí kò sún ju díẹ̀ lọ, ẹwìrì kò lu. Bí ó bá ń rọ́ wálẹ̀, kí a po omi ọṣẹ, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì pa á mọ́ gbogbo oríkèé, ibi tí ó bá ti ń hó ni ihò wà. Ó lè jẹ́ síìlì, ó lè jẹ́ gásíkẹ̀ẹ̀tì abẹ́ sílíńdà, ó lè jẹ́ rọ́bà tí kabúrétọ̀ jókòó lé, èyí tí ó máa ń sán níbi tí ojú kò tó. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà, ìdánwò yìí ni mo kà sí àkọ́kọ́. Kò sí ìdánwò mìíràn tí owó rẹ̀ kéré tó yìí tí ó ń gba ẹ́ńjìnnì là tó o.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní ṣé gbogbo iṣẹ́ náà ni ènìyàn lè ṣe nílé. Rárá. Nílé kò túmọ̀ sí nìkan. Kíráńkì RD350LC kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀ láti ẹ̀yà-ẹ̀yà, ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ síìlì àárín tàbí bíárì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìtẹrin àti ojú tí ó mọ bí a ti ń mú un tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ríbọ́ọ̀ sílíńdà. Inú rẹ̀ jẹ́ irin dídà, ó ṣe é fẹ̀ ní ìdá mẹ́rin mìlímítà sí ìdá mẹ́rin mìlímítà kí písítìnì tí ó tóbi díẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàrin písítìnì tuntun àti ara sílíńdà jẹ́ nǹkan bíi 0.06 mìlímítà, ìyẹn ìbú irun orí ẹyọ kan. Kò sí fáìlì tàbí bébà oníyanrìn tí ó lè ṣe èyí lórí tábìlì ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n onílé ni yóò wọn písítìnì kí ó tó gbé e lọ, òun ni yóò sọ fún oníríbọ́ọ̀ pé ìwọ̀n báyìí ni mo fẹ́, òun náà ni yóò sì tún un wọ̀n nígbà tí ó bá gbà á padà. Ohun tí à ń ṣe nílé ni ìṣirò àti sùúrù. Èyí tí ó kù, owó lè rà á.

Bí ẹ bá ní ìdánilójú wo ni mo ní pé ìwọ̀n ń bí agbára, ẹ̀rí mi tí ó lágbára jù wà ní ìlú Zschopau, ní Jámánì tí ó wà lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ MZ ni ó wà níbẹ̀, Walter Kaaden sì ni olórí àwọn tí ń ṣe alùpùpù ìje wọn. Wọn kò lówó. Irin tí ó dára ṣọ̀wọ́n fún wọn. Àwọn ará Itali àti àwọn ará Japan tí wọ́n ń bá díje ní ohun tí wọn kò ní. Kaaden wá yíjú sí ohun tí ẹlòmíràn kà sí ìdọ̀tí lásán, èéfín tí ń jáde. Nígbà tí ojú-ihò èéfín bá ṣí lójijì, ìgbì kan máa ń ta jáde bí ìró ìbọn. Bí ó bá kan ibi tí páìpù sàlẹ́ńsà ti ń fẹ̀, gbohùngbohùn rẹ̀ yóò padà wá gẹ́gẹ́ bí ìfàmọ́ra, yóò fa èéfín tí ó kù nínú sílíńdà jáde, yóò sì fa epo tuntun wọlé láti abẹ́. Bí ó bá lọ kan ibi tí páìpù ti tún ń há, gbohùngbohùn kejì yóò padà wá gẹ́gẹ́ bí ìtìpadà, yóò dá epo tuntun tí ó ti fẹ́ sá lọ padà sínú sílíńdà, kí písítìnì tó pa ojú-ihò náà dé. Ọ̀tá tí ó ti ń jí epo tùú-sítírókì gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, Kaaden fi gbohùngbohùn ṣọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 1961, MZ 125 rẹ̀ ti ń mú agbára ẹṣin 25 jáde ní yíyí 10,800. Ìyẹn jẹ́ 200 fún lítà kan, kò sì sí ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tí ó ti débẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, lẹ́yìn ìje tí wọ́n ṣe ní Kristianstad ní Sweden, ẹni tí ń gùn ún fún un, Ernst Degner, sá kúrò lábẹ́ ìjọba náà, ó sì gbé ìmọ̀ lọ bá Suzuki. Nígbà tí yóò fi di 1962, Suzuki ti gba ife àgbáyé ti 50 cc, Degner ni ó gùn ún. Kì í ṣe ẹrù irin ni ọkùnrin náà gbé dé Japan. Ìwọ̀n ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà fúnra wa, nítorí pé kò le. Ní yíyí 8,500, kíráńkì ń yí ẹ̀ẹ̀kan láàrin ìdá méje nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ká ní ojú-ihò èéfín ń ṣí sílẹ̀ fún dígírì 190 nínú 360. Ìdá 3.7 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni àyè tí ìgbì náà ní láti lọ, kí ó sì bọ̀. Nínú èéfín gbígbóná, ìgbì ń rin nǹkan bíi mítà 500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mítà 1.86 ni gbogbo ìrìn rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ni àlọ: sẹ̀ńtímítà 93. Ibẹ̀ ni ibi híhá sàlẹ́ńsà gbọ́dọ̀ wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdábùú rẹ̀ kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Wàyí o, kí ẹnìkan mú fáìlì, kí ó gbé orí ojú-ihò èéfín sókè pẹ̀lú mìlímítà kan péré. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ 54, ojú-ihò náà yóò ṣí ní dígírì méjì ṣáájú ìgbà tí ó ti ń ṣí, yóò sì tì ní dígírì méjì lẹ́yìn ìgbà tí ó ti ń tì. Sàlẹ́ńsà àtijọ́ kò bá a mu mọ́, àfi tí ẹ̀rọ bá yára kọjá 8,500. Àyè tí písítìnì ní láti há epo mọ́ ti dín kù, agbára ìsàlẹ̀ tí a fi ń jáde lẹ́nu ìkóríta ti lọ. Ìwọ̀n epo tí jẹ́ẹ̀tì ń fún un lókè kò tọ̀nà mọ́. Àṣẹ fáìlì kan ṣoṣo ni ó da ohun mẹ́rin rú, irin tí a bá sì ti fá lọ kò ní padà. Yamaha fúnra wọn mọ̀ pé kò sí gíga kan ṣoṣo tí ó dára fún ìsàlẹ̀ àti òkè. Ìdí nìyẹn tí RD350 tí wọ́n gbé jáde ní 1983 fi ní orí ojú-ihò tí mọ́tò kékeré kan ń gbé sókè-sódò bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, tí agbára rẹ̀ sì fi gòkè sí bíi 59. Ohun tí ó gba ilé-iṣẹ́ odindi ní mọ́tò àti kọ̀ǹpútà kékeré, fáìlì kò lè ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Àtakò àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí n dáhùn ni ti àwọn tí yóò ní àwọn kan ti fá a, ó sì sáré. Òótọ́ ni, ó sáré. Àwọn eléré ìje ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, Gordon Jennings ti kọ ìwé odindi lé e lórí láti 1973, mi ò sì sọ pé wọ́n purọ́. Ṣùgbọ́n eléré ìje ń tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ ní ìgbà gbogbo, ó ń ju písítìnì nù bí ẹni ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìlà ìje nìkan ni ó sì ń wò. Ẹni tí ó fẹ́ gun tirẹ̀ lọ sí ọjà ìlú kejì kí ó sì gùn ún padà kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, eré ìje Pro-Am wà ní Britain, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gun RD350LC tí kò jìnnà sí èyí tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n máa ń fa kọ́kọ́rọ́ yọ láìwòjú, alùpùpù tí ó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ni wàá gùn. Niall Mackenzie, tí ó wá gun Grand Prix 500 nígbẹ̀yìn, wà lára àwọn tí ó tibẹ̀ jáde. Bí ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ bá tó irú wọn láti fi na ara wọn, mi ò mọ ẹni tí kò ní tó nínú wa.

Àtakò kejì ti ẹnu àwọn àgbà mẹkáníìkì wá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní etí ni wọ́n fi ń to ẹ́ńjìnnì, gẹ́gẹ́ bí onílù ṣe ń fi etí fa ọsán dùndún. Àfiwé náà dára, àfi níbì kan. Bí dùndún bá fọhùn dáadáa, ó ti dáa nìyẹn. Tùú-sítírókì tí epo rẹ̀ ti kéré jù a máa dún ketekete, a máa fà dáadáa, a máa dùn ún gùn ju ti ìgbàkígbà lọ, ní kété kí ó tó gan. Ohùn tí etí ń wá náà ni ohùn ewu. Etí wúlò láti mọ ìgbà tí nǹkan yí padà. Kò lè sọ fún wa bí orí písítìnì ti gbóná tó, tàbí iye dígírì tí iná púlọ́ọ̀gì fi ṣáájú. Aago ìwọ̀n tí a ń gbé sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì láti mọ ibi tí písítìnì wà gan-an nígbà tí iná bá ta kò wọ́n, kò sì ní fi etí àgbà ṣe yẹ̀yẹ́.

Àtakò kẹta ni ó jinlẹ̀ jù, nítorí pé ó mú èmi náà ronú. Ó ní ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ kì í ṣe òfin Ọlọ́run. Epo tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ní 1980 kọ́ ni epo tí à ń rà lónìí. Èyí tọ̀nà. Ní Britain, láti 2021, pẹtiróòlù tí ó wọ́pọ̀ ní ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù nínú, tí ó lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí náà ti gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání, nítorí náà jẹ́ẹ̀tì tí ó tó nígbà yẹn lè kéré díẹ̀ báyìí, ọtí náà a sì máa jẹ rọ́bà àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá ju àpótí afẹ́fẹ́ sọnù, tí ó fi àsẹ́ kékeré méjì rọ́pò rẹ̀, ti yí ìṣirò padà fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n ilé-iṣẹ́, nígbà náà, ni ibi tí a ti ń gbéra. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ kò lè mọ bí òun ti jìnnà sí i tó. Láti ibẹ̀, ẹ̀sọ̀ ni: kí epo kọ́kọ́ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, kí a máa dín in kù ní nọ́ńbà kan sí nọ́ńbà kan, kí a má sì yí ohun méjì padà lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí a bá ṣí ọwọ́ gáàsì dé òpin, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni ó ń sọ̀rọ̀. Láàrin ìdá kan nínú mẹ́rin àti mẹ́ta nínú mẹ́rin, abẹ́rẹ́ ni. Nísàlẹ̀ pátápátá, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì ńlá nítorí pé ẹ̀rọ ń kọ́sẹ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i díẹ̀ ń fún ẹni tí orí ń fọ́ ní oògùn inú rírun. A ó sáré ní òpin ọwọ́ gáàsì, a ó pa á lójú eré, a ó sì tú púlọ́ọ̀gì wò. Funfun gbẹrẹfu kò dára. Àwọ̀ bíi kọfí tí wàrà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ti ń bọ̀ sọ́nà.

Ti èéfín ńkọ́? Mi ò ní gbè é nídìí. Tùú-sítírókì ń da epo tí kò jó sínú afẹ́fẹ́, gbohùngbohùn Kaaden kò sì ká a tán. Ohun tí ó lé e kúrò ní títì nìyẹn. Nínú ìje Grand Prix, ọdún 2002 ni àwọn fóò-sítírókì ńlá ti wọlé bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò 500, ọdún 2011 ni 125 parí. Kò sí ìdí láti tún máa ṣe wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nílẹ̀, tí ẹnìkan ń gùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, yóò rú èéfín ní ìlọ́po bí síìlì rẹ̀ bá lu, tí fọ́ńpù ọ́ìlì rẹ̀ kò bá sí ní ojú àmì. Bí a bá ń tìtorí afẹ́fẹ́ bínú sí i, ìwọ̀n náà ni yóò tún kọ́kọ́ dín ìbínú wa kù.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin tí irú ẹ̀rọ yìí wà lọ́wọ́ yín, yálà RD ní ìlú òkèèrè tàbí Suzuki bàbá yín tí ó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ ra ìwé kékeré kan kí ẹ tó ra sàlẹ́ńsà. Ẹ kọ ìwọ̀n písítìnì kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ ibi tí iná ti ń ta, ẹ kọ ibi tí ọwọ́ aago dúró sí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹ fi ọjọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ta alùpùpù náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹni tí ó rà á ní ìwé náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.